Níbo la ti lè rí owó fún ààrò àwọn ìyá tó ń yan gàrí?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá níbí. Ó ti pé ọdún méjì tí èmi àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń lọ sí abúlé kan tí wọ́n ti ń yan gàrí. Ahéré tí kò ní fèrèsé ni wọ́n ń lò. Tẹ́ ẹ bá wọlé, omi á ti bọ́ lójú yín kẹ́ ẹ tó rí ẹni tó ń kí yín. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń fi ọwọ́ kan ro gàrí nínú agbada, tó ń fi ìkejì bo ẹnu tí ikọ́ bá dé, ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. A ti fi amọ̀ mọ ààrò kan tó ń fa èéfín gba ẹ̀yìn jáde, ó sì ṣiṣẹ́. Mẹ́wàá la fẹ́ mọ.

Mo kọ̀wé tọrọ owó lọ́dọ̀ àjọ kan lọ́dún tó kọjá, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ohùn ará abúlé nínú rẹ̀. Ó dùn mí, torí òótọ́ ni: lẹ́tà Baálẹ̀ nìkan ni mo fi sí i. Níbo ni kí n gbà báyìí?

Olùkọ́ Àgbà: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga lówó, tí òfin 2011 dá sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ló wà fún, ẹ sì wà lára wọn. Owó ìwádìí tí wọ́n ń pè ní IBR ni kẹ́ ẹ béèrè. Ìgbìmọ̀ ìwádìí yunifásítì yín lẹ máa kọ́kọ́ gbé ìwé fún, kì í ṣe Àbújá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ pé ẹ fẹ́ mọ ààrò. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ wọn èéfín ṣáájú ààrò tuntun àti lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mọ iye igi tó ń jó lórí àpò gàrí kan.

Ìyá Ìbejì: Ìyẹn ò ní kan òrùlé àti ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ o. Ẹ wo owó ìrànwọ́ tí ilé-iṣẹ́ aṣojú Japan ní Àbújá ń fún àwọn aráàlú, GGP ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í fún ẹnì kan ṣoṣo, wọn kì í sì í san owó oṣù. Ẹ jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ tàbí NGO tó ti forúkọ sílẹ̀ bá yín gbé e.

Ará Ìbàràpá: Owó Rockefeller Foundation, àjọ aṣèrànwọ́ kan ní Amẹ́ríkà, wà lára ohun tó gbé iṣẹ́ ìlera Yunifásítì Ìbàdàn dìde lọ́dọ̀ wa ní 1963. Àmọ́ ohun tí a rí ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ṣì ń wá gbé ní Igbó-Ọrà, torí ó wà nínú ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ fi ti yín náà sínú ẹ̀kọ́, mà, kí owó tó dé. Tówó bá tán, ọmọ yunifásítì á ṣì máa wá.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an ni. Báwo ni mo ṣe máa gbé ohùn àwọn ìyá sínú ìwé tí wọn ò lè kà?

Ìyá Ìbejì: Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, kẹ́ ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kà á padà sí wọn létí. Ẹni tó bá ní "mi ò wí bẹ́ẹ̀," ẹ tún un ṣe kó tó tẹ̀ka.