Síkúrù ìbàdí fún màmá mi: ọ̀nà wo ló sàn jù?
Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀yìn màmá mi ti wọ́. Dókítà ní irin tí àwọn máa fi tò ó gbọ́dọ̀ dé egungun ìbàdí, torí S1, ìyẹn ìpín àkọ́kọ́ nínú egungun ìdí tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, nìkan ò lè gbé ẹrù náà.

Ọ̀nà méjì ló wà: kí síkúrù wọlé láti etí egungun ìbàdí, tàbí kó gba S2 (ìpín kejì egungun ìdí yẹn) kọjá oríkèé tó so egungun ìdí pọ̀ mọ́ egungun ìbàdí, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní S2AI. Ti àkọ́kọ́ máa ń yọrí lábẹ́ awọ, màmá sì rù gan-an. Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè nìyẹn.

Ẹni tó ti ṣe S2AI, ṣé ẹ ń kúnlẹ̀, ṣé ẹ ń jókòó pẹ́? Ṣé oríkèé yẹn kì í dunni?