Ta ló ń júwe sáìtì mi fáwọn èèyàn?

Ìyá Aládìrẹ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi gan-an. Àdìrẹ ni mò ń tà l'Abẹ́òkúta, mo sì ní sáìtì. Ọmọkùnrin kan tó ní búlọ́ọ̀gù aṣọ ní òun á máa júwe mi, kí n máa fún òun ní nǹkan lórí ohun tó bá tà. Mo gbà. Mo tiẹ̀ ta á lọ́rẹ ẹlẹ́kọ gidi, èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya lẹ́lẹ́, kì í ṣe ti róbà. Ó wá ń béèrè owó báyìí. Mo ṣí Google Analytics tó ń fi ibi táwọn àlejò sáìtì ti wá hàn, n ò rí orúkọ búlọ́ọ̀gù rẹ̀ rárá! "Direct" ló kún ibẹ̀, Google wá díẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Dúpẹ́ Peckham: Mọ̀mí, ẹ má san kọ́bọ̀! Irú ẹ̀ ṣe mí nígbà tí mò ń ta gèlè. Arábìnrin náà ní òun ní ọmọlẹ́yìn rẹpẹtẹ lórí Instagram, ó gba gèlè lọ, ó fi lọ òde ìyàwó àbúrò rẹ̀. Ẹnìkan ò tìtorí ẹ̀ ra nǹkan.

Kọ́lá Oníkọ̀ǹpútà: Ẹ rọra o. Bí èèyàn bá tẹ líǹkì, Chrome tó fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì ló máa ń sọ ibi tó ti ń bọ̀ fún sáìtì yín, nínú ìlà kan tí wọ́n ń pè ní Referer. Tí kò bá sọ nǹkan kan, "direct" ni Analytics á kọ. Ẹni tó tẹ líǹkì látinú WhatsApp, inú "direct" ló sábà máa ń bọ́ sí.

Ìyá Aládìrẹ: Èmi ò sọ WhatsApp. Búlọ́ọ̀gù ni mo sọ.

Bàbá Ìbejì: Ṣé ẹ kọ ìwé àdéhùn? Ẹ̀yin obìnrin ọlọ́jà, ẹnu lásán ni gbogbo ẹ̀.

Dúpẹ́ Peckham: Ẹ̀yin náà ẹ fi obìnrin sílẹ̀ jàre.

Kọ́lá Oníkọ̀ǹpútà: Mọ̀mí, http ni àdírẹ́sì sáìtì yín fi bẹ̀rẹ̀ àbí https, èyí tó ní ààbò?

Ìyá Aládìrẹ: "Not secure" ni Chrome ń kọ síbẹ̀. Ẹni tó bá mi ṣe é ní kò séwu, torí mi ò gba káàdì níbẹ̀, àkáǹtì ni wọ́n ń sanwó sí.

Kọ́lá Oníkọ̀ǹpútà: Áà! Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Tí búlọ́ọ̀gù rẹ̀ bá jẹ́ https, tí tiyín jẹ́ http, Chrome kì í sọ ibi tí àlejò ti ń bọ̀.

Ṣẹ́gun: Irọ́. Https ni Google, ó sì hàn sí wọn.

Kọ́lá Oníkọ̀ǹpútà: Google fúnra rẹ̀ ló kọ àṣẹ sójú ewé rẹ̀ pé kí wọ́n máa dárúkọ òun. Búlọ́ọ̀gù ọmọ yẹn lè má ṣe bẹ́ẹ̀. Mọ̀mí, ẹ gba SSL, ìwé ẹ̀rí tó ń sọ http di https, ti Let's Encrypt, ọ̀fẹ́ ni. Síbẹ̀, láti 2020, tí Chrome 85 jáde, orúkọ sáìtì nìkan ló máa ń sọ fún sáìtì mìíràn, kì í sọ ojú ewé tó jẹ́ gan-an. Nítorí náà, ẹ fún ọmọ náà ní líǹkì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ fi ?utm_source=bulogu sí ìdí rẹ̀. Ìyẹn á hàn nínú Analytics, Referer wà o, kò sí o.

Ṣẹ́gun: Utm yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ìyá Aládìrẹ: Ṣé kí n wá sanwó fún un nìyẹn? Òótọ́ ni pé àwọn oníbàárà kan pè mí, wọ́n ní orí búlọ́ọ̀gù rẹ̀ làwọn ti rí mi. Ṣùgbọ́n ẹnu lásán nìyẹn, kò sí nínú Analytics.

Dúpẹ́ Peckham: Mọ̀mí!! Ẹ sanwó ọmọ ọlọ́mọ fún un!

Bàbá Ìbejì: Ẹ wá gbọ́ o.

Ìyá Aládìrẹ: Ẹ ṣé, Kọ́lá. Èló ni wọ́n ń ta SSL yẹn?