Kí ló dé tí iná inú gáàsì fi ń pín sí okùn-okùn, tó tún ń to ara ẹ̀ bí afárá oyin?

iná_inú_ìgò:
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Mo ní bọ́ọ̀lù onígíláàsì kan, èyí tó ní irin róbótó láàárín, tí iná aláwọ̀ àlùkò máa ń na ara ẹ̀ látibi irin yẹn wá sára gíláàsì, téèyàn bá fọwọ́ kàn án, ọ̀kan á sáré wá bá ìka ẹ̀. Gbogbo inú ẹ̀ ló kún fún gáàsì, kí ló wá dé tí iná ò kúkú tàn káàkiri, tó jẹ́ okùn tín-ín-rín ló ń ṣe? Èyí tó dà mí lọ́kàn rú jù tiẹ̀ ni ti láàbù wa. Gíláàsì méjì, gáàsì sáàárín wọn, àlàfo yẹn ò ju milimítà kan àbọ̀, bá a ṣe ń gbé fóltéèjì sókè ni iná tótòtó ń yọ, méjì, mẹ́ta, ìgbà tí wọ́n pọ̀ tán wọ́n tò bí afárá oyin. Ta ló ń sọ ibi tí kálukú máa dúró fún wọn?

ọmọ_fisíìsì:
Ẹni tó ní la tún ń fún ni ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, ìyẹn èérún tín-ín-tín tó ń gbé iná, á sáré kọlu átọ́ọ̀mù gáàsì, á gba òmíràn yọ lára ẹ̀, wọ́n di méjì, méjì di mẹ́rin, kó o tó ṣẹ́jú wọ́n ti di ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Tí wọ́n bá ti pọ̀ tó yẹn, ṣáàjì tiwọn fúnra wọn, ìyẹn iná tó wà lára wọn, á máa la ọ̀nà síwájú, ibẹ̀ náà ni current, iná tó ń ṣàn, á gbà, gáàsì ibẹ̀ á gbóná, á fẹ́lẹ́, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á wá ráyè sáré dáadáa kó tó kọlu nǹkan, á tún gba òmíràn yọ sí i. Àwọn ọ̀nà tó kù ń wòran. Wo bọ́ọ̀lù ẹ dáadáa, okùn yẹn máa ń tẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, torí gáàsì gbígbóná ń lọ sókè. Dojú ẹ̀ délẹ̀, òkè náà ni wọ́n á máa lọ.

bàbá_fóltéèjì:
Ti bọ́ọ̀lù yẹn dáa, àmọ́ ooru kọ́ la máa dá lẹ́bi lórí ti gíláàsì méjì. Okùn ibẹ̀ kì í pẹ́ kú, nánósẹ́kọ́ńdì mélòó kan (ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá ni ọ̀kan), ó ti tán. Gíláàsì ló ń pa á. Ṣáàjì tó bá dé ojú gíláàsì ò rí ibi gbà kọjá, á kó jọ síbẹ̀, á máa ta ko fóltéèjì tó bí i, ni okùn bá kú. Ibi tó dùn rèé: tí iná AC, èyí tó ń lọ síwá sẹ́yìn, bá ti yí padà, ṣáàjì tó ń bá a jà tẹ́lẹ̀ á di ọ̀rẹ́ ẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ máa ti síbi kan náà, ojú ibi tó kú sí ló tún ti máa yọ. Gíláàsì yẹn ń rántí ni. Ṣùgbọ́n ṣáàjì ọ̀hún ń bu fóltéèjì ìtòsí ẹ̀ kù, kò jẹ́ kí aládùúgbò sún mọ́ ọn. Tí gbogbo wọn bá wá ń ti ara wọn, tí àyè ò sì sí mọ́, kálukú á ní aládùúgbò mẹ́fà, bí ihò afárá oyin. Kì í ṣe ohun tuntun o, irú gíláàsì méjì tó ní gáàsì láàárín yìí ni Siemens, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, fi ṣe gáàsì ozone ní Jámánì lọ́dún 1857, Lichtenberg, onímọ̀ fisíìsì kan, sì ti rí i lọ́dún 1777 pé eruku máa ń ya ẹ̀ka bí igi lórí ibi tí ṣáàjì bá jókòó sí.

Tó bá ṣe ẹ́ bí irọ́, gbé fóltéèjì sókè títí wọ́n á fi yọ, kó o wá rọra máa dín in kù.

iná_inú_ìgò:
Mo ti ṣe é ẹ̀gbọ́n, mo dín in kù kọjá ibi tí wọ́n ti yọ, wọ́n ṣì wà níbẹ̀! Àmọ́ ìgbà tá a fi gáàsì helium sí i, kò sí tótòtó kankan, ṣe ló tàn pẹrẹsẹ. Ṣé gíláàsì ò rántí mọ́ ni?

bàbá_fóltéèjì:
Ó ń rántí. Helium ò béèrè fóltéèjì púpọ̀ kó tó tàn, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á ti rọra pọ̀ débi tí agbo wọn á wọnú ara wọn, kí ìkankan tó ráyè jọ̀gá. Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ díẹ̀ wọ̀ ọ́, okùn á padà.

iná_inú_ìgò:
Ó yé mi. Ọ̀kan wà létí gíláàsì báyìí o, aládùúgbò márùn-ún péré ló ní, kò sì dúró sójú kan, ṣe ló ń rìn gbéregbère.

ọmọ_fisíìsì:
Yáa ya fídíò ẹ̀ kó tó ríbi jókòó sí.