Ẹ̀yin tí ẹ ń ya àwòrán níta gbangba, kí lojú yín ti rí?

Ará Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ sítúdíò la máa ń sọ jù láàárín ara wa. Àwa tí a máa ń gbé káńfáàsì jáde lọ sójú títì, tí a ń ya ohun tó wà níwájú wa nínú oòrùn, tí a tún ń kó o lọ síbi ìpàtẹ àdúgbò, ojú tiwa náà ti rí nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Òkè Àrẹ ni mo fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá gun Láyípo, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1936 ní ìrántí Kápítéènì Bower, gbogbo Ìbàdàn ló tẹ́ sábẹ́ yín, páànù lórí páànù, Mápó náà dúró lórí òkè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láti òkè yẹn, ohun gbogbo kéré jù fún mi. Mo sábà máa ń sọ̀ kalẹ̀ wọ inú agbo ilé, kí n wá ibi tí ògiri bá ti ṣíji bò, kí n sì ti gbé easel mi, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo ń gbé káńfáàsì lé, kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Oòrùn tiwa kì í dúró de èèyàn. Láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án ni òjìji ṣì gùn. Tó bá fi máa di ọ̀sán gangan, ó ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀ ohun gbogbo lọ, ojú ilé á wá rí pẹrẹsẹ, kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ yà níbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òrùlé ni mò ń yà. Mo ti po burnt sienna, ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ pupa, mọ́ pupa díẹ̀ lórí pálẹ́ẹ̀tì. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ yọjú. Ó wo easel, ó wo fìlà orí mi, ó wo ọ̀dà pupa tó wà lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì, ló bá figbe ta sínú ilé: "Ẹ jáde o, wọ́n ti dé!" Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìta ti kún. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹni tó bá gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró ládùúgbò, ilẹ̀ ló ń wọ̀n. Bó bá tún mú ọ̀dà pupa dání, á jẹ́ pé ó fẹ́ kọ X sára ògiri nìyẹn, kátápílà ló kù tó máa dé.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún baálé ilé. Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá, ayàwòrán ni mí." Wọ́n ní kí n yí i síbí kí àwọn rí i. Wọ́n wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Èyí tó dógùn-ún yìí nìkan lo rí? Tiwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ńkọ́?"

Mo ní mi ò tíì débẹ̀ ni. Bàbá ní kí wọ́n gbé àga wá, wọ́n sì jókòó tì mí títí mo fi débẹ̀. Páànù aláwọ̀ búlúù ni, irú èyí tó gùn gbọọrọ tí gbogbo ayé ń kàn báyìí. Bí búlúù àkọ́kọ́ ṣe kan káńfáàsì ni àwọn ọmọdé hó yèè. Bàbá tún ní kí n má gbàgbé táǹkì omi dúdú orí òpó irin, nítorí ọmọ àwọn tó wà nílùú òyìnbó ló fi owó rẹ̀ ránṣẹ́.

Mo gbé àwòrán náà lọ síbi ìpàtẹ kan níbí. Ọkùnrin kan tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Ó ní ó rán òun létí ilé ìyá ìyá òun. Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ṣé mi ò lè bá òun pa búlúù yẹn rẹ́? Kí n yọ táǹkì kúrò, kí n sọ òrùlé gbogbo di pupa, kó lè jọ Ìbàdàn.

Mo ní, "Ìbàdàn náà nìyí, sà."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí mò ń sọ."

Kò rà á. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Àwa tí à ń fi ojú ara wa lọ wo nǹkan, bí a bá dé ibi ìpàtẹ, irú àwòrán tí ẹni tí kò jáde nílé rárá lè wò lára kàlẹ́ńdà yà ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ wa. Ṣé èmi nìkan ló ń ṣe ni?

Ará Ẹ̀gbá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan kọ́ o. Ní Abẹ́òkúta níbí, Olúmọ ni gbogbo wọn ń fẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ rí ẹ̀rọ agbéniròkè tí ìjọba ṣe síbẹ̀. Ẹ lọ sí Ìtòkú, ẹ wo àdìrẹ tí wọ́n ń tà: pupa wà, yẹ́lò wà, gírín-ìnnì wà lóríṣiríṣi. Ẹ wá ya ìsọ̀ kan bó ṣe rí, wọ́n á ní, "Ẹ̀lú dà?"

Ní tèmi, ọyẹ́ ló ń bá mi jà ju olùrà lọ. Acrylic, ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò tó máa ń tètè gbẹ, ni mò ń lò. Bí ọyẹ́ bá mú dáadáa, ọ̀dà á ti gbẹ lórí pálẹ́ẹ̀tì kí n tó fi búrọ́ọ̀ṣì kan káńfáàsì. Mo máa ń tẹ́ aṣọ ìnura tútù sínú abọ́ pẹlẹbẹ, kí n fi bébà tí wọ́n fi ń yan kéèkì lé e lórí, ibẹ̀ ni mo ti ń po ọ̀dà mi. Mo sì máa ń mú ike tí wọ́n fi ń fín omi sírun lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ọ́ìlì, ọ̀dà yín kì í gbẹ kíákíá, àmọ́ gbogbo eruku ìlú ló máa sùn sára rẹ̀. Àǹfààní kan ni ọyẹ́ ní: ó máa ń nu ohun tó wà lọ́nà jíjìn nù. Òkè kẹta á di eérú, ìkejì á ṣókùnkùn díẹ̀, èyí tó wà nítòsí nìkan ló máa dá yàtọ̀. Ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi jíjìn hàn nínú àwòrán, kó jáde nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti owó, nítorí a kì í fẹ́ sọ ọ́. Àwòrán tí èèyàn bá yà tán lórí ìdúró kì í tóbi. Ínṣì 10 sí 12 ni tèmi máa ń jẹ́. Àwọn èèyàn wa ń ra àwòrán bí ẹni ń ra ilẹ̀: bó bá ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n ṣe ń sanwó. Férémù á gba owó tirẹ̀, gálárì á mú 40 nínú 100. Gálárì kan wà tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ní àwòrán mi ṣì wà lọ́wọ́ àwọn. Àṣé wọ́n ti tà á! Orí Facebook ni mo ti rí i, nínú fọ́tò ìdána tí ọ̀rẹ́ ìyàwó mi fi síta: àwọn àna dọ̀bálẹ̀, èmi ń wo ògiri. Láti ọjọ́ náà, n kì í fi àwòrán sílẹ̀ níbikíbi láìsí ìwé. Orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, iye tí wọ́n máa tà á, ìdá tí wọ́n máa mú, ọjọ́ tí wọ́n máa sanwó, kí àwa méjèèjì sì buwọ́ lù ú.

Ẹni tó ń kọjá

Ẹ dákun, ìbéèrè ni o, ẹ má bínú. Kí ló dé tí ẹ ò kàn fi fóònù ya fọ́tò, kí ẹ lọ jókòó sábẹ́ fáànù?

Ará Ìbàdàn

Ìbéèrè tí ìyàwó mi máa ń bi mí gan-an lẹ bi mí yẹn. Ẹ fi fóònù ya ìyẹ̀wù kan tí ojú ọ̀run hàn lójú fèrèsé rẹ̀ láàárọ̀. Bí ojú ọ̀run bá dára nínú fọ́tò, inú ìyẹ̀wù á dúdú kirimú. Bí inú ìyẹ̀wù bá hàn, ojú ọ̀run á funfun báláú. Ojú èèyàn máa ń rí méjèèjì pọ̀. Ilẹ̀ pupa wa náà tún wà níbẹ̀. Bí oòrùn bá tàn sí i, ó máa ń ta àwọ̀ padà sókè, tí abẹ́ òrùlé fi máa ń pọ́n. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ nìkan ló máa rí i.

Kì í ṣe pé ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èyí fi rọrùn. Nígbà kan rí, àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn ayàwòrán òyìnbó ń di ọ̀dà ọ́ìlì sí. Wọ́n á fi nǹkan gún un, wọ́n á tẹ ọ̀dà jáde, kì í sì í ṣeé dí dáadáa mọ́. Lọ́dún 1841 ni John Goffe Rand, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, gbé túùbù onírin tó ṣeé fún jáde. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí Monet, ayàwòrán ọmọ Faransé, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè máa kó ọ̀dà lọ sínú oko. Túùbù yẹn náà ló wà nínú báàgì mi ní Òkè Àrẹ.

Ará Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin ń sọ ti ọyẹ́, òjò winniwinni ni tiwa. Mo kópa nínú ìdíje kan ládùúgbò wa níbí. Láàárọ̀, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sẹ́yìn káńfáàsì tàbí bébà yín, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé èyí tó ti yà sílé wá. Ẹ gbọ́dọ̀ yà á tán, kí ẹ dá a padà nírọ̀lẹ́, wọ́n á gbé e kọ́ lójú ẹsẹ̀. Watercolour, ọ̀dà olómi, ni mo lò. Kò gbẹ! Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìkàwé ni mo sá lọ, mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ ọwọ́. Wọn ò gba okùn lẹ́yìn férémù o, irin olóruka méjì ni wọ́n ń fẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀kan. Mo rí ẹni tí wọ́n dá tirẹ̀ padà nítorí okùn.

Àwọn tó kù ya ṣọ́ọ̀ṣì àti odò. Èmi lọ sí Rye Lane ní Peckham, mo ya ṣọ́ọ̀bù tó kó iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pọ̀nmọ́ síta. Àwọn òyìnbó máa ń dúró lẹ́yìn mi, wọn ò ní sọ̀rọ̀, wọ́n á lọ. Mọ̀mọ́ kan ọmọ Yorùbá ló sọ̀rọ̀: "Ṣé iṣẹ́ tí o wá ṣe níbí nìyí?" Wọ́n wo àwòrán, wọ́n ní iṣu tí mo yà kéré jù, pé iṣu Gánà ni kí n wò dáadáa. Mo fi kún un. Ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n gbé tèmi kọ́ síbi ìpàtẹ, àmọ́ ó tà. Ẹni tó rà á ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ni òun ti ń ra ata.

Ará Ìkòròdú

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín pa búlúù rẹ́. Ní Yaba College of Technology tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́, Yusuf Grillo tó jẹ́ ayàwòrán ló ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà wa fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó bí èmi. Búlúù ni gbogbo ayé fi mọ iṣẹ́ bàbá náà títí wọ́n fi lọ ní 2021. Ta ló sọ fún wọn pé kò jọ Yorùbá?

Tèmi yàtọ̀ díẹ̀ torí obìnrin ni mí. N kì í gbé nǹkan kalẹ̀ létí ọ̀sà láìjẹ́ pé mo ti kọ́kọ́ kí ìyálọ́jà. Mo máa ń kúnlẹ̀, mo máa ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn bí mi ò tiẹ̀ fẹ́ jẹ ẹja lọ́jọ́ náà. Bí àwọn ọmọ ìta bá wá béèrè owó ilẹ̀, ìyálọ́jà ló máa dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ á parí. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ti wá dúró kí n ya òun. Ó ní kí n bá òun dín ikùn kù.

Nígbà tí a ṣe ìpàtẹ ní gbọ̀ngàn àdúgbò, mo pe àwọn ẹlẹ́ja. Wọ́n wá o, tàwọn ti gèlè. Ọ̀kan nínú wọn rí ara rẹ̀: "Èmi rèé! Ẹ wo ìró mi!" Ó pe gbogbo èèyàn. Ó wá tẹ̀ ba, ó ka iye tó wà lára bébà kékeré tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ₦120,000. Ó nà ró. Ó ní, "Gbogbo ẹja tó wà nínú abọ́ yẹn ò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Ara mi lẹ wá ń tà. Èló ni tèmi níbẹ̀?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ará Ẹ̀gbá

Tẹ ẹ̀dà kan fún wọn, àbúrò. Ohun tí èmi máa ń ṣe nìyẹn, kí wọ́n gbé e kọ́ sílé.

Ará Ìkòròdú

Mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ẹ̀dà kò ṣeé san owó iléèwé. Òótọ́ sì ni. Ní báyìí, bí àwòrán ọjà bá tà, mo máa ń fún ìyálọ́jà ní ìdá kan nínú mẹ́wàá kí wọ́n fi sínú àjọ ẹgbẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀ bí mo bá padà síbẹ̀, àwọn náà sì ń gbà mí láyè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n tiẹ̀ máa ń fi àga sílẹ̀ dè mí.

Wàhálà tó kù ni pé ọ̀rọ̀ náà ti tàn. Ẹni tó ni ọkọ̀ ojú omi tó wà lẹ́yìn wọn nínú àwòrán náà ti ránṣẹ́ sí mi láná pé ọkọ̀ òun wà níbẹ̀ o, pé òun ló sì fi owó ara òun kùn ún. Ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n: kí ni kí n wí fún un?