Ẹ̀yin ará wa lókè òkun, oúnjẹ ilé wo lẹ ò jẹ́ kó parun lọ́dọ̀ yín?

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà pè mí láàárọ̀, ó ní àwọn ọmọ òun ò fẹ́ jẹ nǹkan kan mọ́ àfi ráìsì àti nóódù. Ó dùn mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, kí lẹ ń sè fáwọn ọmọ yín, báwo lẹ ṣe ń rí èròjà ẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní London: Ìkọ́kọrẹ́ ni tèmi mà, oúnjẹ Ìjẹ̀bú tá a fi ń ewùrà rírin sè. Wíwá ewùrà ló kọ́kọ́ fẹ́ sú mi torí isu puna ló kún ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa níbí, puna ò sì ṣeé fi se ìkọ́kọrẹ́, tẹ́ ẹ bá rin ín kì í fà. Aládùúgbò mi kan tó jẹ́ ọmọ Philippines ló fi isu tí wọ́n ń pè ní ube hàn mí, ewùrà kan náà ni, tiwọn kàn jẹ́ elésè àlùkò ni. Ẹ yẹ pákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wò dáadáa o, èyí tí wọn ò tíì sè ni kẹ́ ẹ rà. Mo rin ín, mo fi iyọ̀ sí i, mo fọwọ́ lù ú títí ó fi ń fà, mo wá ń bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ tó ń hó, epo, ata, edé, ẹja gbígbẹ tí màmá mi fi ránṣẹ́ láti Ẹ̀pẹ́. Mi ò rò ó, mo dé e pa kó fi jinná. Epo ò borí àwọ̀ yẹn rárá, ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin tọ́ ọ wò, ó ní "bíi ti màmá àgbà". Omijé bọ́ lójú mi.

Bàbá Àgbọ́wà: Ìkọ́kọrẹ́ elésè àlùkò kẹ̀? Ṣé o fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́ ṣá?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní London: Ẹ̀bà àná ni sà.

Bàbá Àgbọ́wà: Ó dáa. O ṣe bí ọmọ.

Sísí Ìjẹdé: Ẹ̀bà ti jẹ́? Isu ni ìkọ́kọrẹ́, kí lèèyàn tún ń fi ẹ̀bà wá níbẹ̀?

Bàbá Àgbọ́wà: Ọmọ yìí, ta ló tọ́ ẹ dàgbà?

Ará Àgbádárìgì: Iṣẹ́ gbé mi dé Salvador ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil. Mo rí obìnrin kan létí títì tó wọ aṣọ funfun gbòò, ó wé gèlè funfun, ó kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, ó ń din àkàrà nínú epo pupa. Ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo ẹ̀, àlùbọ́sà, iyọ̀, bí a ṣe ń ṣe é gan-an, àfi pé wọ́n máa ń là á láàárín kí wọ́n tó ki edé àti ọbẹ̀ kan sí i. Wọ́n ní mọ́ínmọ́ín náà, abará ni wọ́n ń pè é, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń pọ́n ọn. Ọdún 2005 nìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà yẹn sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè. Èmi tí mo dàgbà létí omi tí wọ́n ti ń kó ẹrú kọjá sí erékùṣù Gberefu kí wọ́n tó kó wọn lọ sókè òkun, mi ò lè gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò jẹ́ kí àwọn ẹrú yẹn mú ìkòkò dání o, ọwọ́ wọn nìkan ni wọ́n gbé lọ.

Tọ́lá_Odógunyàn: Ẹ̀gbọ́n, epo pupa? Ta ló ń fi epo pupa din àkàrà?

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú: Ìwọ Tọ́lá! Epo pupa ni ìyá mi àgbà fi ń dín in, lójú mi níbí. Òróró ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Sísí Ìjẹdé: Ìyá mi náà ń lo epo o. Ó tún máa ń dùn ju ti òróró.

Ará Àgbádárìgì: Ẹ má gbàgbé àwọn Àgùdà, àwọn ẹrú tó gbòmìnira àti ọmọ wọn tó padà wá sí Èkó láti Brazil, fùréjọ̀n tí wọ́n ń jẹ ní Gúdù Fúráídé, ẹ̀wà àti omi tí wọ́n fún lára àgbọn rírin, ọ̀hún ni wọ́n ti gbé e bọ̀.

Tọ́lá_Odógunyàn: Fùréjọ̀n àti ọbẹ̀ ẹja! Ebi ń pa mí.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú: Ọmọ Ẹ̀pẹ́, jọ̀ọ́ fi fọ́tò pákẹ́ẹ̀tì isu yẹn ránṣẹ́, mo fẹ́ fi ṣọwọ́ sí àbúrò mi. Màá sọ fún un pé kó jẹ́ káwọn ọmọ yẹn fọwọ́ ara wọn bù ú sínú ọbẹ̀, kó má dá a sè. Èmi á wá ẹja lọ sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́.