Triathlon, iṣẹ́ ṣíìfù, ìyàwó, ọmọ àti òwàmbẹ̀ ìgbà sọ́mà: báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Kent

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ dìjà nílé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣe triathlon, ìdíje tí èèyàn á wẹ̀, á gun kẹ̀kẹ́, á sì sáré tẹ̀ léra. Sprint, èyí tó kúrú, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹ wẹdò mítà 750, ẹ gun kẹ̀kẹ́ kìlómítà 20, ẹ sáré 5, ó parí, mo ti máa ń délé kí àwọn ọmọ tó jẹun ọ̀sán, ìyẹn ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àfi alẹ́ ọjọ́ kan ní November tó kọjá, nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù dákẹ́ rọ́rọ́, mo gbé fóònù, mo bá lọ forúkọ sílẹ̀ fún half, ìdajì Ironman, èyí tí wọ́n ń pè ní 70.3 torí iye máìlì rẹ̀. Kìlómítà 1.9 nínú omi, 90 lórí kẹ̀kẹ́, 21.1 lẹ́sẹ̀, September nìyẹn. Mi ò sọ fún ìyá àwọn ọmọ àfi ìgbà tó di February. Mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi níbẹ̀, ẹ má bá mi wí níbẹ̀.

Iṣẹ́ mi, long day mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí méjìlá àbọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà míì ó máa ń bọ́ sí alẹ́. Sátidé ni kẹ̀kẹ́ gígùn, Sọ́ńdè ni eré gígùn, Sátidé yẹn náà sì ni gbogbo Yorùbá tó wà nílùú ọba ń ṣe ìnáwó. Láti May dé August, pátì mẹ́fà ló wà nílẹ̀ fún wa, mo ti sanwó aṣọ ẹbí mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ tá a jọ ṣe sẹ́kọ́ńdìrì pé àádọ́ta ọdún, mo ti gun kilómítà 80 láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, a débẹ̀, a jókòó, kí jọ̀lọ́ọ̀fù tó dé tábìlì wa oorun ti gbé mi lọ, fìlà ti ṣubú bo ojú, ẹnu là sílẹ̀. Ẹnì kan yà mí ní fídíò, ó gbé e sí WhatsApp ẹgbẹ́ wa, ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "Ọkùnrin onírin rèé o". Ìyàwó mi ò bá mi sọ gbólóhùn kan nínú mọ́tò títí a fi délé.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà. A fẹ́ lọ sí Margate létí òkun, ó ní "Dádì, ṣé ẹ tún máa wẹ̀ lọ ni?" Torí pé lọ́dún tó kọjá mo ní kí n kàn fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wẹ òkun, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni mo lò, ìgbà tí mo fi máa jáde chips ti tutù, àwọn ẹyẹ òkun ti bá wọn jẹ nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílé lọ́nà, tẹ́ ẹ sì ń sáré yìí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Àbí kí n jáwọ́?

Alárìnká_Peckham

Ẹ̀gbọ́n, mo rẹ́rìn-ín títí omi jáde lójú mi 😂. Ẹ má bínú. Ìbéèrè kan ni mo ní, káàdì sọ pé aago mẹ́rin, ṣé ẹ̀yin náà wá débẹ̀ laago mẹ́rin ni? Ẹjọ́ yín nìyẹn. Ọlọ́jọ́ìbí ò ní wọlé kí aago méje àbọ̀ tó lù, ẹ sì mọ̀.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe tèmi. Ní June, oòrùn ti là ní London kí aago márùn-ún àárọ̀ tó lù. Mo ti wà ní Richmond Park nígbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan téèyàn bá yí i po á tó kìlómítà 10 lé díẹ̀, mo yí i lẹ́ẹ̀mẹ́fà, aago mẹ́sàn-án mo ti wà nílé, mo ń din ẹyin fún àwọn ọmọ. Oorun ọ̀sán wákàtí méjì yẹn lẹ ò sùn tó kó bá yín, kẹ̀kẹ́ ò ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ sùn, ẹ wẹ̀, ẹ wọ agbádá, ẹ dé pátì ní aago méje, ẹ jó, ẹ náwó. Ta ló máa mọ̀?

Ìyá_Ìbejì_MK

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo jẹ́ ìyàwó onítriathlon sọ tèmi, torí àwa la máa ń dúró sẹ́yìn báríà.

Bùrọ̀dá Ìjẹ̀bú, ẹ sáré kọjá ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ ní ká má bá yín wí lórí ti November sí February. Ibẹ̀ gan-an ni. Tí ọkọ mi bá ní òun fẹ́ lo wákàtí márùn-ún, mo lè gbà á, màá ṣètò ara mi. "Mò ń bọ̀ báyìí" ló ń pa wá. Á ní wákàtí mẹ́ta, á di márùn-ún, táyà jò, ó pàdé Tunde lọ́nà, wọ́n dúró mu kọfí, á wọlé, á sùn sórí àga pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé tó ń rùn yẹn, á tún jí, á ní kí la fẹ́ jẹ. Lọ́jọ́ ìdíje ńkọ́? A jí ní aago mẹ́rin òru, mo ti ìbejì nínú ojo, a dúró wákàtí méjì, a wá rí i fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, fìrì, ó ti kọjá. Kẹ́hìndé ní "ṣé Dádì nìyẹn?" Lóòótọ́, n ò lè búra pé òun ni.

Ohun tó tún ilé wa ṣe ni kàlẹ́ńdà ara fíríìjì. Ní January, èmi ni mo kọ́kọ́ kọ tèmi sí i. Pátì tá ò gbọ́dọ̀ má lọ, alẹ́ Tọ́sìdeè tí mo fi ń lọ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí àwọn ọmọ ò ní lọ sílé ìwé láti ìparí July. Nínú èyí tó kù ló ti mú ìdíje tiẹ̀. Ní báyìí, June ló máa ń sá tiẹ̀ tán, August, kẹ̀kẹ́ wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì. Tiyín ti bọ́ sí September, ìyẹn túmọ̀ sí pé inú ọlidé àwọn ọmọ gan-an ni ìgbaradì tó le jù máa bọ́ sí. Ṣé ẹ rò ó nígbà tẹ́ ẹ ń tẹ fóònù lóru?

Ẹ bi ìyàwó yín ohun tí òun náà fẹ́ fi Sátidé tiẹ̀ ṣe. Èmi sọ pé mo fẹ́ máa lọ sí parkrun, kìlómítà 5, ọ̀fẹ́ ni, aago mẹ́sàn-án Sátidé. Òun ló ń dúró ti ìbejì. Ọjọ́ kìíní tó ti bọ́gì nínú ẹrẹ̀, ó ní "ọ̀rọ̀ yìí le o". Mo ní ẹ káàbọ̀ 😏

Omi_Tútù_Leeds

Àǹtí, ẹ ti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ti kàlẹ́ńdà January yẹn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù ò lè ṣe é bẹ́ẹ̀, róta tí wọ́n á gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ni. Èmi náà ọsibítù ni mo wà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò nílò wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ láti parí half. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ipò ni ẹ máa nílò ẹ̀. Méje ni mo lò. Mo gbé kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ sórí turbo, irin tó ń jẹ́ kéèyàn wa kẹ̀kẹ́ lójú kan, nínú gáréèjì, wákàtí kan tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo máa ń sáré lọ síbi iṣẹ́, aṣọ mi ti wà ní lọ́kà. Ti omi, ẹ má wakọ̀ ogójì ìṣẹ́jú lọ sí adágún lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, omi ló kéré jù nínú gbogbo ọjọ́ yẹn, wetsuit, aṣọ ìwẹ̀ onírọ́bà, á sì gbé yín léfòó. Púùlù àdúgbò lẹ́ẹ̀kan, adágún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì méjì, ó tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun kẹ̀kẹ́ lójú títì lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Mo ṣe é rí. Oorun gbé mi fún ìṣẹ́jú àáyá péré, inú ọgbà ewéko onílé kan ni mo jí sí. Egungun èjìká ló kán, sọ́mà yẹn tán fún mi, mi ò rí triathlon ṣe, mi ò rí pátì lọ.

Gèlè_lórí_Omi

Ẹ ń sọ ti wákàtí, ti irun mi ńkọ́? Mo di irun lọ́jọ́ Fúráìdeè fún pátì, Sátidé àárọ̀ mo wọ omi klorín. Fìlà ìwẹ̀ kékeré wọn yẹn ò gba braids. Soul Cap, fìlà ìwẹ̀ ńlá tó gbà á, FINA, àjọ ìwẹ̀ àgbáyé, kọ̀ ọ́ ní 2021 ṣáájú Olympics Tokyo, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Èmi ti ra tèmi. Tí irun bá sì bàjẹ́, gèlè ń bẹ.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Kent

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe ìdíje náà, wọ́n ní mo lè sún un sí ọdún tó ń bọ̀ tí n bá san owó díẹ̀ sí i. Mo ti san án. Ó ku sprint kan ní July, ìyẹn nìkan. Margate, Sátidé yìí, n ò mú wetsuit dání.

Mo fẹ́ fi èsì yín han ìyàwó mi lálẹ́ àná, ó ní òun ti kà á. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti mọ orúkọ tí mo ń lò níbí, ta ni Ìjẹ̀bú míì ní Kent tó máa ń sùn ní pátì. Ìyá Ìbejì, ó ní kí n kí yín, ó sì ń béèrè parkrun tó sún mọ́ wa.