Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́pàá ò ṣe nǹkan kan: kí ni ṣíṣe?

Onífóònù Bódìjà: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n já àgádágodo ṣọ́ọ̀bù wa n'Íbàdàn lóru, wọ́n kó fóònù 9 lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tá a ti fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. "À ń ṣe é lọ́wọ́" ni IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, ń sọ ṣáá, owó epo ló sì ń béèrè. Ṣé òfin lè mú wọn ṣiṣẹ́?

Lọ́yà Mọ́kọ́lá: Ó lè mú wọn. Abala 31 Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 ní dandan ni kí wọ́n wádìí ẹ̀sùn tí wọ́n bá fi sùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sáré lọ sí kóòtù. Nínú ẹjọ́ Gani Fawehinmi pẹ̀lú Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá lọ́dún 2002, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbà pé ọlọ́pàá lè lo òye ara wọn lórí ohun tí wọ́n máa wádìí. Òfin tuntun ti dé lóòótọ́, lọ́yà wọn á ṣì gbé ẹjọ́ yẹn jáde.

Lẹ́tà ni kẹ́ ẹ kọ sí DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá yẹn, ẹ̀dà méjì: ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹjọ́ sùn, nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé àgọ́, orúkọ àti ipò IPO, abala 31. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà tiyín. Èyí tí ò bá lóǹtẹ̀, wọ́n á ní àwọn ò rí i. Tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, ó di ọ̀dọ̀ Area Commander tó jẹ́ ọ̀gá DPO, lẹ́yìn náà Kọmíṣọ́nnà l'Ẹ́lẹ́yẹlé, kẹ́ ẹ sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé fáìlì lọ sí State CID, ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, n'Íyágankú.

Ẹ̀rọ̀-ń-sọ̀rọ̀: Kí ló wà nínú sítétímẹ́ǹtì tẹ́ ẹ kọ fún ọlọ́pàá gan-an? Tó bá jẹ́ "fóònù 9" lásán, kí ni IPO fẹ́ fi wá a? IMEI ni kẹ́ ẹ kó fún wọn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, oní-díjíìtì 15, tó wà lára páálí. Fóònù onísíìmù méjì ní IMEI méjì, ẹ kọ méjèèjì. Tí olè bá kó páálí lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ ti rajà bóyá ó kọ ọ́ sí rìsíìtì. Inú sítétímẹ́ǹtì àfikún ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, ẹ má fi mọ sórí WhatsApp. Tí wọ́n bá gbé IPO lọ síbòmíì, fóònù rẹ̀ bá a lọ nìyẹn, fáìlì ló kù.

Onífóònù Bódìjà: Kámẹ́rà wà o.

Ẹ̀rọ̀-ń-sọ̀rọ̀: Ẹ ti dá fídíò rẹ̀ sí? Tí ibi ìpamọ́ ẹ̀rọ bá ti kún, tuntun ló máa gorí ti àtijọ́. Ẹ dà á sórí flash lónìí.

Lọ́yà Mọ́kọ́lá: Kí ẹni tó ń bójú tó kámẹ́rà sì fọwọ́ síwèé ẹ̀rí abala 84 Òfin Ẹ̀rí 2011. Láìsí i, agbẹjọ́rò olè á ní kí adájọ́ má gba fídíò náà.

Ìyá Alájé: Owó epo ńkọ́? Ẹ kúkú fún un, kẹ́jọ́ lè tán.

Lọ́yà Mọ́kọ́lá: Màmá, ẹ má bínú, kò sí nínú òfin. Tó bá pọn dandan, ẹ fi ọkọ̀ yín gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Ẹ má fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì IPO. Tó bá tẹnu mọ́ ọn, Complaint Response Unit wà, ẹ̀ka ọlọ́pàá fúnra wọn tó ń gba ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá, Police Service Commission, ìgbìmọ̀ tó ń bá ọlọ́pàá tó ṣẹ̀ wí, náà wà. Lẹ́tà olóǹtẹ̀ yẹn náà lẹ máa so mọ́ ẹ̀sùn yín. Ẹ má sì dárúkọ ọlọ́dẹ tàbí ọmọ iṣẹ́ nítorí ìfura lásán. Òun ni wọ́n á kọ́kọ́ tì mọ́lé, tọ́wọ́ rẹ̀ bá sì mọ́, ó lè pè yín lẹ́jọ́.

Onífóònù Bódìjà: Páálí 6 ṣì wà nílẹ̀. A máa mú un lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè, pẹ̀lú lẹ́tà.